Ẹyọ Mẹ́fà Nínú Ẹrù: Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Kọ Ìtàn Àròsọ Nípa Ọ̀nà Oǹdó

Ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní Àkúrẹ́ kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Ó ti kọ orí mẹ́sàn-án nínú ìtàn àròsọ kan nípa obìnrin Oǹdó tó jẹ́ oníṣòwò, tó ń ná ọjà láti Àkúrẹ́ dé Èkó lọ́dún 1884, tí ọkàn rẹ̀ sì fà sí ọkùnrin tí kò tọ́ sí i. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣeé gbà gbọ́ pé obìnrin ń rin irú ìrìn àjò yẹn láyé ìgbà náà? Kí ni ì bá rù lọ, kí ni ì bá rà bọ̀? Mo fi òyìnbó oníṣòwò kan ní Èkó ṣe olólùfẹ́ rẹ̀, àmọ́ orí tí wọ́n ti pàdé kò dùn rárá, mi ò sì mọ ohun tó fà á.”

Ó ṣeé gbà gbọ́, ọmọ mi. Ohun tí kò ṣeé gbà gbọ́ ni bí o ṣe jẹ́ kí ó rin ín. Nínú orí kejì, ó jẹun ọ̀sán tán ní Àkúrẹ́, ó dìde, ó sì sùn sí Oǹdó lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Àwa tí a ń wọ mọ́tò lójú ọ̀nà yẹn lónìí la lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi kìlómítà 50 ni ìlú méjèèjì fi jìnnà síra, igbó kìjikìji ló sì wà láàárín wọn nígbà náà, pẹ̀lú Odò Ọ̀wẹnà tí ẹlẹ́rù kò lè fi ìkánjú là kọjá nígbà òjò. Fún un ní ọjọ́ méjì; bí òjò bá ti ń rọ̀, fún un ní mẹ́ta. Oríṣiríṣi nǹkan ló sì lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí o fi ọwọ́ ara rẹ gé dànù yẹn.

Ọdún tí o mú dára gan-an, yálà o mọ ìdí rẹ̀ tàbí o kàn mú un ni. Kí Ọ̀nà Oǹdó, ọ̀nà òwò láti Èkó lọ sí ilẹ̀ òkè, tó ṣí, àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn Ẹ̀gbá ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà tó já sí Èkó. Ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń tì í, ará òkè tó bá sì fẹ́ iyọ̀ tàbí ìbọn ní láti rà á lọ́wọ́ wọn ní iye tí wọ́n bá pè é. Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Ọba Gólóbà, ló wá ọ̀nà mìíràn gba ìhà ìlà-oòrùn lọ́dún 1872. Ó rán Goldsworthy, òṣìṣẹ́ rẹ̀, wá sí ilẹ̀ Oǹdó kí ó bá wọn parí aáwọ̀ tó ti tú ìlú ká, kí àwọn ènìyàn lè padà sí Òde-Oǹdó, kí èrò sì lè máa kọjá láìfòyà. Láti Èkó, ojú ọ̀sà ni ọ̀nà náà gbà lọ sí ìhà Àtijẹ́rẹ́ àti Ìtẹ̀bú, nínú omi àwọn Ìlàjẹ àti ti àwọn Ìkálẹ̀, kí ó tó gun ilẹ̀, kí ó la igbó já sí Òde-Oǹdó, kí ó sì kọrí sí Iléṣà.

Nígbà tí Ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ní 1878, ọ̀nà yìí di ọ̀nà ọ̀fun fún àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó gbà fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun. 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà, lẹ́yìn tí àwọn òjíṣẹ́ ìjọ méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ ìhìn rere ní Oǹdó láti 1877, ti gbé ọ̀rọ̀ lọ, gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Àgọ́ ogun kò sì tú pátápátá títí di 1893. Èyí túmọ̀ sí pé ní 1884, ogun ti wọ ọdún keje, àwọn ọkùnrin tó yẹ kó máa ná ọjà wà lẹ́nu ìbọn, ìbọn yẹn gan-an sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníṣòwò rẹ lórí àwọn alárù. Èmi kò rí ìró rẹ̀ kankan nínú orí mẹ́sàn-án tí o fi ránṣẹ́. O kọ ọ́ bí ẹni pé ọjà Ìsinmi ló ń lọ.

Àwọn àṣìṣe kéékèèké tún wà tí mo fẹ́ kí o tètè yọ. Yọ kòkó kúrò lórí obìnrin náà: kòkó kò tíì di iṣẹ́ àwọn ará Oǹdó ní 1884. Yọ ọkọ̀ ojú irin tó gbọ́ ìró rẹ̀ “láti ọ̀nà jíjìn”. 1901 ni reluwé tó dé Ìbàdàn, kò sì gba Oǹdó rí. Bí ó bá jẹ́ pé ìtàn rẹ bọ́ sí 1895 ni, mà bá ní kí o fi oje igi ìrẹ́ sí i, nítorí pé ìgbà yẹn ni gbogbo igbó wa kún fún àwọn tó ń kọ igi nílà nítorí rọ́bà. Ní tìrẹ, epo pupa àti èkùrọ́ ni kí ó rù lọ, pẹ̀lú kíjìpá díẹ̀ tí àwọn obìnrin fi òwú ọwọ́ hun nínú ilé. Iyọ̀, tábà, ọtí òyìnbó, aṣọ òkèèrè àti ẹ̀tù ni kí ó rà bọ̀.

Jọ̀wọ́, fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ẹ̀tù tí wọ́n ń rọ sínú ìbọn yàtọ̀ sí ẹtù, aṣọ aláró tó dúdú bí ìyẹ́ awó, tí àwọn àgbà máa ń wọ̀ pọ̀ mọ́ àlàárì àti sányán nínú ọ̀wọ̀ aṣọ. Nínú orí kẹrin rẹ, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀, èmi kò mọ̀ bóyá aṣọ ni ọkọ rẹ̀ ní kí ó rà bọ̀ tàbí ohun tí wọ́n fi ń pa ènìyàn. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé àṣìṣe yẹn dára ju ohun tí o ní lọ́kàn lọ. Ronú sí i.

Ó kan owó báyìí, ibí ni mo sì ti fẹ́ kí o fara balẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ nípa orí tí kò dùn yẹn wà. O kọ pé ó “fi owó sínú àpò kékeré kan, ó so ó mọ́ ìdí.” Owó wo? Bí ṣílè bá tilẹ̀ ti wà ní Èkó, owó ẹyọ ni ọjà ilẹ̀ wa ń ná. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ló di ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ló di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ẹyọ 20,000. Ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo tó ẹrù fún odidi alárù kan. Ẹni tó bá ta epo tán ní èbúté tó sì fẹ́ gbé owó lọ sílé yóò ní láti háyà àwọn tó máa bá a ru owó, yóò sì bọ́ wọn lọ́nà, nítorí náà ọjà ló ń fi owó rà kí ó tó yí padà. Mo rántí ìyá ìyá mi ní Oǹdó. Ó ní okùn ẹyọ díẹ̀ nínú igbá kan tó ti gbó, owó tí kò ná nǹkan kan mọ́ nígbà tí mo gbọ́njú, ṣùgbọ́n ó fi ń kọ́ wa ní ìṣirò. Márùn-ún márùn-ún ló máa ń fi ìka mẹ́ta fà á sọ́dọ̀ lórí ẹní, ẹnu rẹ̀ kò ní mì, ojú rẹ̀ a sì máa wo ibòmíràn. Bí okùn kan bá dín ẹyọ kan, yóò mọ̀ kí ó tó dé ìdí rẹ̀.

Kò sí bí obìnrin náà ṣe lè dá rìn. Èrò ló ń rìn, ogún, ọgbọ̀n, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn agbénipa tó wà nínú igbó àti nítorí pé oníbodè kì í fi bẹ́ẹ̀ yan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ bí ó ṣe ń yan ẹnì kan ṣoṣo jẹ. Àwọn obìnrin pọ̀ nínú èrò náà, o kò ní láti tọrọ àforíjì fún un nínú ìtàn rẹ. Oǹdó tí o ń kọ nípa rẹ̀ ni ìlú tí ìtàn sọ pé obìnrin, Púpùpú, ló kọ́kọ́ jẹ Ọṣemàwé níbẹ̀. Ìlú náà sì ní Lóbùn, tí wọ́n ń pè ní ọba obìnrin, tó ní ọwọ́ nínú ìwúyè Ọṣemàwé àti nínú ṣíṣí ọjà tuntun. Ṣùgbọ́n má ṣe rán Lóbùn lọ sí Èkó bí o ṣe ṣe nínú orí karùn-ún. Ìjòyè ìlú ni, ìlú ló ń gbé. Má sì fi oyè náà sí Àkúrẹ́. Àkúrẹ́ ní Déjì àti ètò tirẹ̀.

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù. Òyìnbó inú ìtàn rẹ kò jẹ́ kí orí náà dùn nítorí pé kò sí ohunkóhun láàárín òun àti obìnrin yẹn tí ọjà dè pọ̀. Wọ́n pàdé ní èbúté, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín, ìwọ sì sọ fún wa pé ó jẹ́ èèwọ̀. Èèwọ̀ ta ni? Ta ló máa rí i? Ta ló máa jìyà rẹ̀? Àwọn olùkọ̀wé wa fẹ́ràn òyìnbó nínú irú ìtàn báyìí, mo rò pé nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ ń bá wọn sọ ohun tí wọn kò kọ ni. O sì lè ní kí o lo olorì tó fẹ́ràn ìránṣẹ́ ààfin. Ikú ni ìyẹn tààrà, ìtàn rẹ yóò sì parí kí èrò tó kúrò ní Oǹdó. Ní ti mágùn, fi í sílẹ̀ fún àwọn onífíìmù.

Wò yíká inú èrò náà fúnra rẹ̀. Ta ló ń ru ẹrù rẹ̀? Bí kì í bá ṣe ìwọ̀fà ọkọ rẹ̀, ẹrú ọkọ rẹ̀ ni. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì, má pò wọ́n pọ̀. Ọmọ ìlú ni ìwọ̀fà, ọmọ ọlọ́mọ tó ní ilé àti orúkọ. Ẹbí rẹ̀ ló yá owó, iṣẹ́ tó ń ṣe sì ni èlé orí owó náà. Bí ó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ tó, gbèsè náà kì í dín. Ọjọ́ tí wọ́n bá san odidi owó náà ló ń kúrò. Bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá gbé ojú sókè wo ìyàwó ẹni tó yá bàbá rẹ̀ lówó, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló fi wewu, odidi agbo ilé rẹ̀ ni. Ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ wúwo, owó ló sì jẹ́ kí ó wúwo.

Ṣùgbọ́n èmi ì bá mú ẹrú, mà á sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Láti ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861, ẹrú tó bá sá dé ibẹ̀ ti rí ibi sá sí. Lára àwọn tó sá wá bẹ́ẹ̀ ni Glover ti kó àwọn ọmọ ogun Haúsá rẹ̀ jọ, ọ̀kan pàtàkì sì ni ọ̀rọ̀ yìí nínú ohun tó ń mú inú bí àwọn olówó ẹrú ní Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá. Rò ó wò báyìí: ẹni tó ń ru epo obìnrin yìí láti Oǹdó dé ojú omi mọ̀ pé, bí ọkọ̀ bá ti lè kan èbúté Èkó, òun lè sọ ẹrù, kí òun rìn lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì lè dá òun padà. Obìnrin náà mọ̀. Ọkọ rẹ̀ nílé mọ̀ pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tó fi ń sọ pé kí ó má jẹ́ kí ọkùnrin náà kọjá Ìtẹ̀bú. Síbẹ̀ ẹrú náà ti lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti padà lẹ́ẹ̀mejì, ó ru iyọ̀ sórí. Kí ló ń dá a padà? Obìnrin náà kò gbọ́dọ̀ bi í. Bí ó bá bi í, ó ti sọ ohun tó wà lọ́kàn ara rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá sì fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́, ohun tó yẹ kí ó fẹ́ fún un ni pé kó má padà mọ́. O rí i pé ojú ọ̀nà tó gbé wọn pàdé kan náà ló fẹ́ yà wọ́n. O kò ní nílò òyìnbó kankan.

O lè wá bi mí pé báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe lè wà láàárín wọn lójú ọgbọ̀n èrò. Nípasẹ̀ ẹrù ni. Ìwọ tí o dàgbà sí ìgbà mọ́tò lè má mọ̀ pé ẹni kan kì í dá ẹrù wíwúwo gbé sórí ara rẹ̀. Yóò ká òṣùká, yóò fi lé àtàrí, yóò tẹ orúnkún ba, ẹlòmíràn yóò sì kọjú sí i, kí àwọn méjèèjì tó jọ gbé ẹrù náà sókè. Fún ìgbà díẹ̀ yẹn, ojú kò jìnnà sí ojú ju ìwọ̀n gígùn apá lọ, èémí ẹnì kan ń kan èkejì ní iwájú orí, kò sì sí ẹni tó máa rò ó sí nǹkan kan, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ń gbé ẹrù ru ara wọn. Bí wọ́n bá tún dé ibi ìsinmi, “Ẹ bá mi sọ̀ ọ́.” Gbígbé kan, sísọ̀ kan, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, fún gbogbo ọjọ́ ìrìn àjò. Ìyá ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹni tí òun bá ń bá jà gbé ẹrù ru òun; ó ní ọrùn òun á mọ̀. Bí ọrùn bá lè mọ ìjà, á mọ èkejì rẹ̀. Ìwọ kàn kọ ọjọ́ tí obìnrin náà, tó jẹ́ olówó ẹrù, fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìkòkò epo ru ẹrú ọkọ rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlẹ́rù mìíràn ti ṣáájú, kí o sì jẹ́ kí obìnrin àgbàlagbà kan nínú èrò bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀nà kejì ni àrokò. Ìwọ fi lẹ́tà sínú orí keje, obìnrin tí kò mọ̀wé sì ń wá ẹni tó máa kà á fún un. Kò burú, ṣùgbọ́n ohun tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ wà ní ìdí rẹ̀ níbẹ̀, nínú owó tó ń ná. Àwọn Yorùbá ń fi ẹyọ ránṣẹ́ sí ara wọn: ẹyọ méjì tó kọjú síra ń sọ ti ìrẹ́pọ̀, méjì tó kẹ̀yìn síra ń sọ ti ìjà. Ẹyọ mẹ́fà, nítorí pé ẹ̀fà ni, túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí bá gbà, yóò fi mẹ́jọ dáhùn, ẹ̀jọ, pé èrò tèmi náà jọ tìrẹ. Ohùn ọ̀rọ̀ ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró, èdè mìíràn kò lè sọ ọ́. Owó tí wọ́n fi ra iyọ̀ lánàá náà ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lónìí, bí wọ́n bá sì tú u ká, ó tún di owó, kò sí ẹ̀rí níbì kankan. Òun ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ní kí o fara balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ owó. Má jẹ́ kí òwò wà ní orí kan, kí ìfẹ́ wà ní orí mìíràn bí o ṣe tò wọ́n. Inú ẹrù kan ni kí wọ́n wà.

Ní ti èdè, díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Obìnrin Oǹdó ni, kò lè máa sọ̀rọ̀ bí ará Ọ̀yọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Jẹ́ kí ẹ̀ka-èdè rẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó bá bínú àti nígbà tó bá ń ná ọjà, kí àwọn oníbodè sì máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ará Ìbàdàn tó ra ìwé rẹ kò ní lè kà á.

Ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn, èyí tí o kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan, ni báwo ni ọkọ rẹ̀ ṣe máa mọ̀. O ní o ti ronú sí alágàbàgebè kan tó máa sọ fún un. Kò nílò alágàbàgebè. Oníṣòwò ni ọkùnrin náà, alẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bá dé ló máa ka owó tó ṣẹ́ kù. Jẹ́ kí ó jókòó sórí ẹní, kí àtùpà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó máa fi ìka fà á sọ́dọ̀ ní márùn-ún márùn-ún, kí ojú rẹ̀ sì wà lára ìyàwó rẹ̀ tó ń bu omi mu ní kọ̀rọ̀. Okùn àkọ́kọ́ pé ogójì. Èkejì pé ogójì. Ẹ̀kẹta jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó dá ọwọ́ dúró, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú òmíràn. Méjìlélọ́gbọ̀n.